Bí Ìlànà Bá Yí, Kí Òṣùwọ̀n Náà Yí: Ìtàn Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ọyàn Títí Dé Gúúsù Èkìtì

Ọjọ́ ọjà ni, nínú oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá. Àwa mẹ́rin nínú kíláàsì wa tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan lọ sí ọjà kan láàárín Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ lórí àrùn jẹjẹrẹ ọyàn ní èdè tó yé wọn yékéyéké, àwa sì rò pé iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Wọ́n fún wa ní aṣọ píǹkì, wọ́n fún wa ní bírò, wọ́n sì gbé rẹ́jísítà lé wa lọ́wọ́. Òpó márùn-ún ló wà nínú rẹ́jísítà náà: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, àti èyí tó gbẹ̀yìn, tí àwa fúnra wa túmọ̀ sí "àyẹ̀wò ọyàn." Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ti yẹ̀ wò, a ó fi àmì sí i níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, a ti kọ orúkọ obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún. A ya fọ́tò, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka orúkọ náà nínú mọ́tò, a rántí màmá kan tó ń ta gàrí. Ó ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé kókó kan wà ní ọyàn òsì òun láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ebè. Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà fún un pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó. Nínú rẹ́jísítà, àmì tí a fi sí orúkọ màmá yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi sí orúkọ ọmọbìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí nǹkan kan kò ṣe. Nínú iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì. Kò sí òpó kankan tó bèèrè bóyá màmá náà dé Adó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa. A padà sílé ẹ̀kọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọyàn láti mọ ibi tí òpó karùn-ún yẹn ti wá. Ohun tí a rí ni pé láàárín ọgọ́ta ọdún, ìlànà àyẹ̀wò yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ìlera dára, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Níbi tí òṣùwọ̀n bá ti gbẹ́yìn, iye ńlá lè dùn ún gbọ́ létí kí aláìsàn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nípa ọjọ́ kejì oṣù Igbe, ọdún 1972. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì, tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ká ní awakọ̀ yí sí ọ̀tún lọ́jọ́ náà, àmọ́ tí ìwé òfin ọwọ́ ọlọ́pàá ṣì jẹ́ ti àná, ẹni tó pa òfin tuntun mọ́ gan-an ni wọn ì bá máa bu ìtanràn lé. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí nígbà tí ìlànà ìṣègùn bá yí tí òṣùwọ̀n kò bá a yí.

Níbi tí ìlànà ti bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 1963, ní New York, ètò adójútòfò ìlera kan tí wọ́n ń pè ní HIP pín obìnrin bí 62,000 sí ọ̀nà méjì. Ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 64. Wọ́n pe apá kan lọ́dọọdún fún mámógíráàmù, ìyẹn àwòrán inú ọyàn tí ẹ̀rọ máa ń yà, àti àyẹ̀wò láti ọwọ́ dókítà. Wọ́n jẹ́ kí apá kejì máa gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Sam Shapiro, Philip Strax àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka àbájáde, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ọyàn dínkù láàárín àwọn tí wọ́n pè. Sweden bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ẹkùn méjì lọ́dún 1977, àbájáde tirẹ̀ tó jáde lọ́dún 1985 sì tì í lẹ́yìn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé kíákíá. Ìgbìmọ̀ tí Patrick Forrest jẹ́ alága rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 1986, ètò àyẹ̀wò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1988 fún àwọn obìnrin láti ọmọ 50 ọdún sí 64, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa òpin rẹ̀ dé 70 ọdún. Òṣùwọ̀n tí wọ́n bá ètò náà ṣe rọrùn: nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó yẹ kó ti ṣe é, mélòó ló ti ṣe é? Bí ó bá tó 70, ó bójú mu. 80 ni àfojúsùn.

Ẹ wo ohun tó wà nínú òṣùwọ̀n yẹn dáadáa. Ó ṣeé kà nítorí pé orúkọ gbogbo obìnrin tó tó ọjọ́ orí yẹn wà lọ́wọ́ wọn láti inú ìwé dókítà àdúgbò. Ní ọjà tiwa, a mọ iye ẹni tó wá sábẹ́ àtíbàbà, ṣùgbọ́n a kò mọ iye ẹni tó yẹ kó wá. "Ó lé ní ọgọ́rùn-ún" nínú mélòó? Rẹ́jísítà wa kò lè dáhùn.

Ọwọ́ ara ẹni

Kì í ṣe mámógíráàmù ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá wa ni kí obìnrin máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọyàn rẹ̀ lóṣooṣù, ní ìlànà kan pàtó, bí ẹni ń ka àlífábẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Lọ́dún 1989 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí rẹ̀ ní Shanghai, láàárín obìnrin tó lé ní 260,000 tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn dáadáa, wọ́n sì ń rán wọn létí lóòrèkóòrè. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2002, iye àwọn tí jẹjẹrẹ ọyàn pa ní apá méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n kọ́ rí kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ púpọ̀ sí i, wọ́n sì gé wọn lára lásán.

Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ràn ti ń kúrò lórí "tẹ ọyàn rẹ lóṣooṣù" bọ́ sórí "mọ bí ọyàn rẹ ṣe rí, bí o bá sì rí àyípadà, má dúró." Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ìwádìí Shanghai kò sọ pé kí obìnrin tó rí kókó dákẹ́. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wò nìkan kò gba ẹ̀mí là bí kò bá sí ohun tó ń tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àti ìpolongo nílé wa ṣì ń fi ìbéèrè àtijọ́ wọn àṣeyọrí wọn: obìnrin mélòó ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọyàn wò? Ìlànà ti ṣí kúrò níbẹ̀, òṣùwọ̀n ṣì jókòó.

Amẹ́ríkà: láti 40 sí 50, láti 50 padà sí 40

Amẹ́ríkà ni ibi tí ìjà láàárín ìlànà àti òṣùwọ̀n ti hàn sí gbangba jù. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn, USPSTF ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2002, ìgbìmọ̀ náà ní kí obìnrin máa ya mámógíráàmù láti 40 ọdún, lọ́dọọdún tàbí ní ọdún méjì-méjì. Ní oṣù Bélú ọdún 2009, wọ́n yí i padà: kí ó jẹ́ láti 50 sí 74, ní ọdún méjì-méjì, kí ẹni tó wà láàárín 40 sí 49 bá dókítà rẹ̀ jíròrò kó tó pinnu. Ìdí wọn ni pé láàárín àwọn tó kéré sí 50, iye ẹ̀mí tí àyẹ̀wò ń gbà là kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ẹni tí ó ń dẹ́rù bà tàbí tí wọ́n ń gé lára láìnídìí.

Ariwo sọ. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 tilẹ̀ sọ pé, ní ti ohun tí adójútòfò gbọ́dọ̀ san, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ìmọ̀ràn 2009 kò jáde rí. Òṣùwọ̀n pàápàá wà lọ́tọ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ NCQA ló ń gbé òṣùwọ̀n HEDIS jáde, èyí tí wọ́n fi ń fi àwọn ètò adójútòfò wé ara wọn, tí owó àti orúkọ rere sì so mọ́. Òṣùwọ̀n náà ń ka àwọn obìnrin láti 40 sí 69. Ìgbà tí ó di HEDIS ti ọdún 2014 ni wọ́n tó sún un sí 50 sí 74. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, dókítà tó bá jókòó ti obìnrin ọmọ ọdún 43, tó ṣàlàyé àǹfààní àti ewu fún un, tí obìnrin náà sì ní òun yóò dúró díẹ̀, ti ṣe ohun tí ìlànà wí. Ṣùgbọ́n lórí òṣùwọ̀n, ó pàdánù máàkì kan.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ní ìparí oṣù Igbe ọdún 2024, USPSTF ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti 40 dé 74, ní ọdún méjì-méjì. Ara ìdí tí wọ́n sọ ni pé àrùn yìí ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó wà ní 40 sí 49, àti pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ikú tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Lọ́tẹ̀ yìí òṣùwọ̀n kò pẹ́: NCQA mú un wá sí 40 sí 74 fún ọdún 2025. Èyí fi hàn pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè jẹ́ kí méjèèjì jọ rìn.

Ṣé ká kó 40 náà wá sí Èkìtì?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkẹ́rẹ́, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ọdún 45 báyìí. Èyí tó wà ní Houston ti wà lára àwọn tí òṣùwọ̀n ń kà. Èyí tó wà ní London yóò dúró títí yóò fi lé ní 50 kí lẹ́tà tó dé. Èyí tó wà nílé, kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí i. Ara kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, àmọ́ òṣùwọ̀n mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ wa yóò tètè sọ pé kí a gba 40 ti Amẹ́ríkà. Ìdí wà fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ẹni ńlá ní Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn pé jẹjẹrẹ ọyàn láàárín àwọn obìnrin wa sábà máa ń tètè dé, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ irú tó le. Ní UCH Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ti ẹnu ilé ọmọ ló wà níwájú láàárín obìnrin láyé àtijọ́. Ti ọyàn ti gba iwájú báyìí. Lọ́dún 2022, ìṣirò àgbáyé fi iye obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà sí ohun tó lé ní 30,000.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 40 nìkan kọ́ ni Amẹ́ríkà ní. Ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń ka àwòrán wà, ẹni tó ń pe obìnrin padà wà, oníṣẹ́ abẹ wà, òògùn sì wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere lọ́dún 2014: níbi tí ètò ìlera kò bá lágbára, mámógíráàmù fún gbogbo ènìyàn kọ́ ni ká kọ́kọ́ náwó lé, bí kò ṣe kí ẹni tó ti rí àmì àrùn tètè mọ ohun tó ń ṣe òun kó sì tètè gba ìtọ́jú. Ìwádìí ABC-DO, tó tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà, gbé àbájáde jáde lọ́dún 2020: lára àwọn tí wọ́n tẹ̀lé ní Nàìjíríà, díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Pípẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, àti ìtọ́jú tí kò pé, wà lára ohun tó fà á.

Ìròyìn kan wá láti Mumbai tó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì wa gbọ́. Láti ọdún 1998, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ń fi ọwọ́ yẹ ọyàn àwọn obìnrin wò ní ọdún méjì-méjì ní àwọn àdúgbò tálákà, láìsí ẹ̀rọ kankan. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé wọ́n tètè ń rí àrùn náà, àti pé láàárín àwọn tó ti lé ní 50, ikú dínkù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì inú ọjà yẹn kì í ṣe ọwọ́ òfìfo. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ni a kò kà.

Òṣùwọ̀n tó bá ẹsẹ̀ wa mu

Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n sì ṣàlàyé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́dún 2023. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni: 60, 60, 80. Èkíní, kí ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn jẹ́ ẹni tí ó ṣì wà ní ìpele kìn-ín-ní tàbí ìkejì. Èkejì, kí ó má ju ọjọ́ 60 lọ láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera títí di ọjọ́ tí yóò mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí ìdá 80 nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú parí rẹ̀.

Ní ìlú tó ń ná ọjà ní ọrọọrún, ọjọ́ 60 jẹ́ ọjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ gbé e lé obìnrin kan ní Èmùré, lẹ́bàá ààlà Èkìtì àti Oǹdó. Yóò kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Wọn yóò darí rẹ̀ sí Adó, tàbí kó gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ. Wọn yóò gé díẹ̀ lára kókó náà, yóò padà sílé, yóò tún lọ gba èsì. Bí ìtọ́jú onítànṣán bá kàn án, ó lè di Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìrìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ owó mọ́tò àti ọjà tí kò ná. Ọjà wo ló dúró níbẹ̀? Ọjà kẹta ni, àbí ìkẹsàn-án? Òṣùwọ̀n tó bá ń ka orúkọ lábẹ́ àtíbàbà nìkan kò ní mọ̀ láéláé. Òṣùwọ̀n tó bá ń ka ọjọ́ yóò mọ̀.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn nọ́ọ̀sì wa jù, rẹ́jísítà tó wà nílẹ̀ kò kéré. Òótọ́ ni, ojú wa ló sì ṣe. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kí wọ́n fi rẹ́jísítà mìíràn kún un. Kí wọ́n pa òpó kan rẹ́, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí àmì, ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ tí èsì dé. Ẹni tí kò ní àmì kankan, kí àyè rẹ̀ wà lófìfo.

Ẹ̀bi àwa ọmọ Yorùbá níbẹ̀

Apá kan wà tí a kò lè ti ẹ̀bi rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Àwa la túmọ̀ òpó karùn-ún sí "àyẹ̀wò." Ọ̀rọ̀ náà tọ́, àmọ́ ó gba nǹkan méjì mọ́ra. Bí wọ́n bá yẹ ẹni tí ara rẹ̀ dá wò kí àrùn má baà bá a lójijì, àyẹ̀wò ni. Bí wọ́n bá yẹ ẹni tó ti rí kókó wò láti mọ ohun tó jẹ́, àyẹ̀wò náà ni. Dókítà ya méjèèjì sọ́tọ̀, gbogbo ìjà lórí 40 àti 50 sì jẹ́ lórí ti àkọ́kọ́ nìkan. Kò sí ìlànà kankan láyé tó ní kí ẹni tó ti rí kókó dúró de ọjọ́ orí. Bí a bá wá ń kéde lórí rédíò pé "àyẹ̀wò ọyàn wà fún ẹni 40 ọdún sókè," ọmọ ọdún 33 tó ní kókó lè gbọ́ ọ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí.

Láti ìgbà náà, láàárín ara wa, a ti ń lo "àyẹ̀wò ṣáájú àmì" àti "àyẹ̀wò lẹ́yìn àmì." Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán: bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pín ni òpó inú rẹ́jísítà yóò ṣe pín.

A padà lọ sí ọjà yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìsọ̀ gàrí náà wà ní títì, aládùúgbò rẹ̀ sì sọ fún wa pé màmá ti lọ sí Adó lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dúró de èsì. A lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó mú rúlà, ó fa ìlà méjì sí etí ojú ewé rẹ́jísítà, ó kọ ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sínú àyè kìn-ín-ní. Ó fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo títí èsì yóò fi dé.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, oṣù Ọ̀wàrà mìíràn ń bọ̀, wọn yóò tún wá pè wá. Ẹ jẹ́ ká lọ. Kí a tó wọ aṣọ píǹkì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè rẹ́jísítà, ká sì wo ohun tó ń kà.